Pátákó Ọrùn Àìṣát

Bí inú bá bí Mùíbátù, gbogbo àdúgbò Joju ló ń gbọ́ ọ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ìjà o, ẹ má ṣì í mú. Ike ríjẹ́ẹ̀tì ló ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Sango, àwọn bàsíà àti korobá tí àwọn kọ́ńpìnì Ọ̀tà yọ sọ́tọ̀ nítorí pé etí wọn wọ́. Ta ló fẹ́ fi ohùn pẹ̀lẹ́ ta korobá tí etí rẹ̀ wọ́? Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí à ń wí yìí, Mùíbátù kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ rẹ̀ ló dákẹ́, ẹ̀rù sì bà á débi pé òun náà dákẹ́.

Àìṣát kò sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ilé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi tẹ́lẹ̀! Ara rẹ̀ kò gbóná. Ó ń jẹun, ó ń fọ abọ́, ó ń lọ sí ilé-ìwé. Bí wọ́n bá bi í ní nǹkan, á mi orí tàbí kó sọ èjìká. Bí wọ́n bá fúngun mọ́ ọn, á sọ "yes, ma" kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, á sì yẹra fún wọn. Èyí tó wá burú jù ni pé kò kí Ìyá àgbà mọ́. Háà! Ọmọ tí wọ́n kọ́ pé orúnkún méjèèjì ni wọ́n fi ń kí àgbà ló wá ń gba ẹ̀gbẹ́ ìyá bàbá rẹ̀ kọjá láàárọ̀ bí ẹni ń gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá.

Ìyá àgbà yìí ni ìyá tó bí Sírájúdéènì, ọkọ Mùíbátù. Ọmọ Ọ̀tà gan-an ni, Àwórì tó gbó ló ń sọ, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kò sì jókòó nínú kíláàsì rí. Òun ló tọ́ Àìṣát láti ìgbà tí Mùíbátù ti padà sídìí ike. Orí ẹní kan náà làwọn méjèèjì ń sùn. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ nínú gbogbo ilé yẹn, òun ló fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jù.

Ṣé ó yà yín lẹ́nu? Tíṣà Ephraim ló fà á. Òun ló ń kọ́ kíláàsì Àìṣát, ọ̀dọ́mọkùnrin tínínrín kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, tó kó wá sí Ọ̀tà nítorí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní àṣà kan. Kí wọ́n tó lu aago ìparí, á mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, irú èyí tí gbogbo ayé ń lò láì bìkítà, á sọ fún àwọn ọmọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá àti ohun tó jẹ́ kó tó di Gẹ̀ẹ́sì. Àìṣát á gbé e wálé bí ẹni gbé ẹran ọdún bọ̀. Bí wọ́n bá ti kírun Màgáríbì tán, Ìyá àgbà á na ẹsẹ̀ sórí ẹní, á ní, "Àìṣá, kí ni ọ̀rọ̀ tòní?"

"Window ni, mà."

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Ojú afẹ́fẹ́ ni, mà. Bí wọ́n ṣe ń pè é látilẹ̀wá nìyẹn."

"Ojú afẹ́fẹ́!" Ìyá àgbà á pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i pé àwọn náà gbọ́n díẹ̀!"

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ kọ́ńpìnì wálé ni wọ́n rẹ́rìn-ín jù. Àìṣát ní Tíṣà sọ pé àwọn tó jọ ń jẹ búrẹ́dì ni ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀. Ìyá àgbà dìde jókòó. "Irọ́ gbuu! Àwọn ọmọ tó ń tò síwájú géètì kọ́ńpìnì ní kùtùkùtù, tí wọ́n ń ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, ta ló fún wọn ní búrẹ́dì jẹ rí? Lọ sọ fún Tíṣà rẹ pé ẹnì kan ló ń dá búrẹ́dì náà jẹ." Mùíbátù tó ń to ike jọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì gbọ́ pé ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ilé-ìwé gan-an, àkókò tí ọwọ́ èèyàn dilẹ̀ ló jẹ́ fáwọn tó kọ́kọ́ ń sọ ọ́, Ìyá àgbà béèrè pé kí ló wá dé tí wọ́n fi ń gbé pàṣán síbẹ̀.

Sírájúdéènì kì í sábà sí nílé bí wọ́n bá ń ṣe eléyìí. Iṣẹ́ ń dà lù ú ni. Akọpátákó ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Oju Ore, Ọ̀gá Sírà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Lásìkò yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì ń hù ní Ọ̀tà bí olú, yunifásítì ti dé, hòtẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé e, ilé-ìwé ń tẹ̀ lé hòtẹ́ẹ̀lì, gbogbo wọn ló sì ń wá pátákó. Kò sí irú lẹ́tà tí Ọ̀gá Sírà kò lè kọ. Bí gbogbo àwọn akọpátákó ṣe ń ṣe, ní igun ìsàlẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, á fi lẹ́tà kéékèèké kọ SIRA ARTS, OJU ORE, á sì kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i, kí ẹni tí iṣẹ́ náà bá wù lè mọ ibi tí yóò gbà. Àìṣát kò tíì mọ ABD tán tó ti ń dá orúkọ yẹn mọ̀. Bí bàbá rẹ̀ bá fi ọ̀kadà gbé e lọ sí Jímọ̀, á máa na ìka sí pátákó lójú ọ̀nà, á ní, "Ta ló sọ ìyẹn?" Ọmọ á pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Bàbá mi ni!" Inú ọkùnrin náà á dùn ṣìnkìn.

Ẹ wá wo ilé yẹn báyìí. Ìyá àgbà béèrè ọ̀rọ̀ tòní, Àìṣát kọjú sí ògiri. Lọ́jọ́ kìíní, Ìyá àgbà rò pé oorun ni. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Mùíbátù bá a tó ń di aṣọ rẹ̀ sínú ìró àtijọ́ kan.

"Màmá, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Mò ń padà sí agboolé bàbá mi nínú Ọ̀tà lọ́hùn-ún. Bí Sírájú bá kí Jímọ̀ dé lọ́la, kó gbé mi lọ."

"Kí la ṣe fún yín, mà?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe é." Ó fa kókó ìró náà le. "Mo gbé oúnjẹ tọ ọmọ lọ sí ilé-ìwé olówó, pẹ̀lú sálúbàtà tó já lẹ́sẹ̀ mi. Ojú tì í níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí mi. Ṣé kí n wá máa bá a sùn lórí ẹní kan náà tipátipá ni? Kò burú. Ọmọdé ni. Mi ò bínú sí i."

Irọ́ ni. Ọkàn ìyá náà ti bàjẹ́. Mùíbátù bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Lóòótọ́ ni Àìṣát gbàgbé fúláàsì oúnjẹ rẹ̀ sílé lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí Ìyá àgbà sì gun ọ̀kadà gbé e tọ̀ ọ́ lọ. Láti ọjọ́ náà lọmọ ti dákẹ́. Àmọ́ Àìṣát tí òun bí yìí, kí ojú máa tì í nítorí Ìyá àgbà? Mùíbátù kò gbà. Ó jáde lọ sí ojúlé kejì, lọ́dọ̀ Treasure tí òun àti Àìṣát jọ wà ní kíláàsì kan náà.

Treasure kọ́kọ́ fi kọ́tìnì bo ojú. "Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ fún yín o, mà." Lẹ́yìn náà ló rọra ń sọ ọ́, bí ẹni pé ẹnì kan dúró sẹ́yìn fèrèsé. "Nígbà tí Ìyá àgbà dé géètì, Àìṣát kúnlẹ̀. Ó ní, 'Ẹ kú ọ̀nà mà, Ìyá àgbà. Ẹ ṣé mà.' Madam tó ni ilé-ìwé wà lẹ́yìn wa, wọ́n gbọ́. Wọ́n ní fánákúlà ló sọ, pé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gbé pátákó kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n ní kó dúró síwájú gbogbo wa títí a fi jáde. Wọ́n ní ká máa hó lé e."

"Ẹ sì hó?"

"Gbogbo wa la hó, mà. Ẹni tí kò bá hó, òun ni wọ́n máa gbé e kọ́ lọ́rùn." Treasure bú sẹ́kún.

Ẹ gbọ́, kì í ṣe pátákó nìkan ló bí Mùíbátù nínú. Orúnkún yẹn ni. Òun ló kọ́ Àìṣát ní ìkúnlẹ̀. Òun ló sọ fún un pé ibi yòówù tó bá ti rí àgbà, ì báà jẹ́ nínú ẹrẹ̀, kó kúnlẹ̀. Ọmọ ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ayé, ó wá gbé e mì, ó sì gbé e wálé lọ́jọ́ gbogbo láì wí fún ẹnì kan. Irú ìyà wo lèyí? Ìwà ìkà wo lèyí? Ó lọ sọ fún Ìyá àgbà pé kó jọ̀ọ́, kó má gbé ẹrù yẹn jáde títí òun á fi dé láti ibi tí òun ń lọ lọ́la.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, Mùíbátù kò pàtẹ. Ọ̀kadà gbé e já sí iwájú ilé-ìwé Madam Fọláwẹwọ́, lọ́nà Iyana Iyesi. Ìyàwó pásítọ̀ ni Madam yìí, ọmọ Ìjẹ̀bú tó mọ aṣọ wọ̀, tó ti wá ra ilẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ kò tíì wọ́n. Àwọn òbí ń rọ́ wọ ilé-ìwé rẹ̀, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, nítorí Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí Gẹ̀ẹ́sì náà ni Mùíbátù ṣe mú ọmọ tirẹ̀ lọ síbẹ̀, kò ní í purọ́. Ó fẹ́ kí ọmọ òun gbọ́ ọ. Kò sọ pé kí wọ́n fi èdè tó wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀.

Ọmọkùnrin kékeré kan tí ṣòkòtò rẹ̀ tóbi jù ú lọ ló kọ́kọ́ rí. Ó dúró sínú oòrùn níwájú ọ́fíìsì, pátákó lọ́rùn, ikun ń ṣàn nímú rẹ̀.

"Kí lo sọ tí wọ́n fi gbé èyí kọ́ ọ lọ́rùn?" ni Mùíbátù bi í.

Ọmọ náà wò ó, kò dáhùn. Òun náà ti gbọ́n. Mùíbátù yọ okùn náà lọ́rùn rẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu imú fún un, ó ní kó máa lọ sí kíláàsì. Bí Madam Fọláwẹwọ́ ṣe jáde sí i nìyẹn, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé ta ló fún un láṣẹ.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ohun tí ọmọ mi ṣe ni mo wá béèrè." Mùíbátù ṣì ń fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà yẹn.

Madam ń fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lọ. Ó ní òfin ni òfin. Ó ní wọn kì í sọ fánákúlà nínú ọgbà yìí, ì báà ṣe ọmọ, ì báà ṣe òbí. Kí Mọ́mì Àìṣát jọ̀ọ́ sọ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí kó lọ mú ẹni tó máa bá a sọ ọ́ wá.

"Ìyá bàbá rẹ̀ ló kí! Ìkíni! Ṣé 'hello' ni kó wí fún ẹni tó wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i?"

"English, please," ni Madam wí, ó sì gbé ojú sókè bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

"Mi ò sọ! Mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ, mi ò sì ní í fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́! Ẹ gbé e kọ́ èmi náà lọ́rùn!"

"Wò ó, ìyá yìí!" Madam bú jáde. "Má fi ìwà títì dà mí láàmú láàárọ̀ yìí o! Ta ló rán ẹ sí mi? Ṣé wọ́n ní kó o wá tú ilé-ìwé mi ká ni?"

Yorùbá ni. Yorùbá Ìjẹ̀bú tó dán, tó ń dún lẹ́nu rẹ̀ bí ọjọ́ tí wọ́n bí i. Gbogbo kíláàsì tó wà nítòsí ló gbọ́ ọ. Lójú fèrèsé kan ni ohùn kékeré ti ní, "Ah! Madam ti sọ fánákúlà!" Ẹ̀rín gba gbogbo ọgbà. Mùíbátù kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó na pátákó náà síwájú.

"Ó yá, mà. Ẹ tẹ ọrùn wálẹ̀."

Tíṣà Ephraim ló sáré jáde wá, ó sì kó sáàárín wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ ṣe sùúrù," ló ń rọra wí.

"Ṣé ẹ̀yin ni Tíṣà tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wá?" Mùíbátù kọjú sí i. "Ìyá ọkọ mi ti mọ̀ yín láì rí yín rí. Ẹ kọ́ wọn ní window. Ẹ kọ́ wọn ní kọ́ńpìnì. Ẹ wá sọ èyí tí wọ́n gbé kọ́ ọmọ mi lọ́rùn fún mi. Fánákúlà yìí, níbo ló ti ṣẹ̀ wá?"

"Èdè ìbílẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀, mà."

"Mi ò bi yín ní ohun tó jẹ́ lónìí. Mo ní níbo ló ti wá."

Tíṣà wo Madam. Ó wo ilẹ̀. "Ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni, mà. Wọ́n ní orúkọ kan fún ẹrú tí kì í ṣe pé wọ́n rà á lọ́jà, tó jẹ́ pé inú ilé ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ohun tó bá jẹ mọ́ irú ẹrú bẹ́ẹ̀, ohun tó bá jẹ́ ti inú ilé, òun ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yìí pè. Ibẹ̀ ló gbà di èdè ìbílẹ̀."

"Ẹrú tí wọ́n bí sínú ilé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ sì mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí ẹ ti ń rí i lọ́rùn àwọn ọmọ?"

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe níbí, mà," ni Tíṣà wí.

Èébú tó le ti wà lẹ́nu Mùíbátù. Ó gbé pátákó náà sókè kí ó lè fi han gbogbo wọn. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó dáadáa. Pátákó funfun tó dán, I SPEAK VERNACULAR, lẹ́tà pupa tó dúró ṣámúṣámú, òjìji dúdú lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní igun ìsàlẹ̀, ó rí lẹ́tà kéékèèké: SIRA ARTS, OJU ORE. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni nọ́ńbà tí òun fúnra rẹ̀ máa ń tẹ̀ bí oúnjẹ bá ti jinná nílé. Èébú náà gbẹ sí i lẹ́nu. Madam ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ, Mùíbátù kò gbọ́. Ó fi pátákó náà há abíyá, ó jáde.

Àtìgbà tó ti dé ló ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, pátákó lórí itan. Kò jẹun. Ìyá àgbà jókòó ti ẹrù rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àìṣát ti ilé-ìwé dé, ó rí ohun tó wà lórí itan ìyá rẹ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ ògiri. Lẹ́yìn náà ni Sírájúdéènì dé láti Jímọ̀ nínú jàlámíà funfun, ó ń bi ìyá rẹ̀ láti òkèèrè pé ṣé ó ti ṣe tán.

Mùíbátù ju pátákó náà sí i lẹ́sẹ̀. "Ta ló kọ èyí?"

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ gbé e. Ẹ gbà mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́! Ó ń wo lẹ́tà rẹ̀, ó tẹ orí sápá kan bí ó ṣe ń ṣe bí iṣẹ́ bá wù ú. "Èmi ni. Ilé-ìwé Madam ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá. Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ?"

"Kí lẹ kọ síbẹ̀?"

"Èmi kì í bi oníbàárà léèrè, Mùíbá, o mọ̀. Ohun tí wọ́n bá kọ fún mi wá ni mo máa ń dà sórí pákó."

"Ihò méjì yìí ńkọ́? Ta ló lù ú?"

"Èmi náà ni. Wọ́n ní kí n ki okùn bọ̀ ọ́. Mo rò pé ara ògiri ni wọ́n fẹ́ gbé e kọ́."

"Ọrùn Àìṣát ni wọ́n gbé e kọ́, ìwọ ọkùnrin yìí!"

Láti ọjọ́ yìgì wọn, kò pe ọkọ rẹ̀ ní ìwọ rí. Gbogbo ojúlé gbọ́ ọ. Kò sì dúró síbẹ̀, ó tú gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀: géètì, fúláàsì, orúnkún, àwọn ọmọ tí wọ́n ní kí wọ́n hó. "Ṣé o mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá? Ẹrú tí wọ́n bí sínú ilé! Tíṣà wọn ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ìwọ lo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ tí o fọ búrọ́ọ̀ṣì, tí o fa ìlà kó má baà wọ́, tí o fi òjìji sí i kó lè rẹwà lọ́rùn ọmọ rẹ! O sì kọ nọ́ńbà rẹ sí i, kí wọ́n lè pè ọ́ bí wọ́n bá tún nílò òmíràn!"

"Iṣẹ́ ni, Mùíbá! Ṣé mo mọ̀ ni? Èmi Mùsùlùmí ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé ìyẹn sọ mí di pásítọ̀? Kì í ṣe èmi ni mò ń sọ ohun tí mo bá kọ!"

Iṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan náà tí Tíṣà sọ. Mùíbátù fẹ́ pariwo sí i, ó wá rí Àìṣát níbi ògiri. "Àìṣát, wá. Sọ fún bàbá rẹ. Kí ló dé tí o kò bá Ìyá àgbà sọ̀rọ̀ mọ́?"

Ọmọ náà wá. Kò la ẹnu. Ó lóṣòó síwájú bàbá rẹ̀ tó gbé pátákó náà dání, ó fi ìka lé igun ìsàlẹ̀, ó sì rọra fà á kọjá lórí lẹ́tà kéékèèké wọ̀nyẹn títí dé òpin. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè wò ó.

Sírájúdéènì kò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Nígbà tó yé e, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ta ló sọ ìyẹn? Bàbá mi ni. Lójú ọ̀nà Jímọ̀ gbogbo, lẹ́yìn ọ̀kadà, láti kékeré. Kì í ṣe òfin Madam lọmọ yìí ń pa mọ́ nínú ilé. Madam kò lè dé ibí. Òfin bàbá rẹ̀ ni. Ó rí orúkọ bàbá rẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, lórí àyà ara rẹ̀, ó gbà pé bàbá òun ló ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kí òun fi èdè yẹn kí Ìyá àgbà, ó sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu bí ọmọ gidi.

"Àìṣá," ni ọkùnrin náà wí. "Àìṣá mi. Èmi kọ́." Ọ̀rọ̀ náà kò kúnjú ìwọ̀n, òun náà mọ̀. Ó bọ́ fìlà. Ó ki ọrùn ara rẹ̀ bọ okùn náà, ó rìn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá rẹ̀ pẹ̀lú jàlámíà funfun nínú eruku. Pátákó náà lu símẹ́ńtì gbàgà.

"Ẹ káàsán, Ìyá mi."

"Sírájú, kí lo gbé kọ́rùn?" Ìyá àgbà na ọwọ́, ó ń fọwọ́ tọ́ igi náà. Ariwo ti pọ̀ jù fún un láti gbọ́ ohun gbogbo. "Ṣé òun ni wọ́n gbé kọ́ ọmọ yìí lọ́rùn? Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Fánákúlà ni, mà."

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Bó ṣe máa ń béèrè rẹ̀ lẹ́yìn Màgáríbì nìyẹn, ohùn yẹn gan-an. Mùíbátù tó ti fi ẹrú pariwo fún gbogbo Joju, kò lè sọ ọ́ sójú ìyá yìí. Sírájúdéènì fi iwájú orí lélẹ̀.

Àìṣát ló kúrò níbi tó wà. Ó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì.

"Ẹ káàsán mà, Ìyá àgbà." Ó nàka sí pátákó náà. "Ó ní ẹni tó gbé e kọ́rùn ń sọ èdè yín ni, mà. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn."

Ọwọ́ Ìyá àgbà dúró lórí pákó. "Èdè mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe hó lé ọ lórí? Kì í ṣe torí sálúbàtà mi?"

"Rárá, mà. Torí pé mo kí yín ni."

Ìyá àgbà kò sunkún. Ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó fi ọwọ́ kan fún un mọ́ àyà, ó fi ọwọ́ kejì bẹ̀rẹ̀ sí í tú kókó ìró rẹ̀, ó ń fà á pẹ̀lú ìbínú bí ẹni pé kókó náà ló ṣẹ̀ ẹ́. Àwọn aṣọ náà tú sílẹ̀. Mùíbátù ti wọlé, ó sì ti gbé àáké jáde. Ó ní kí Sírájúdéènì bọ́ nǹkan yẹn lọ́rùn kí òun fi dáná alẹ́.

"Fi àáké sílẹ̀," ni Ìyá àgbà wí. "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ là á. Lọ́jọ́ Ajé, èmi ni n óò sin Àìṣá dé géètì wọn, nínú sálúbàtà tó já yìí náà. Àìṣá á kúnlẹ̀, á kí mi sókè kí gbogbo wọn gbọ́. Ọrùn mi ni n óò gbé pátákó yẹn kọ́ lọ. Ṣèbí èdè mi ni wọ́n ní ó wà níbẹ̀."